Caro-Kann (ọ̀nà kan tí dúdú fi ń bẹ̀rẹ̀ chess): ibo ni kí kuíìnì mi gbà lẹ́yìn h4?

Ẹ̀yin ọ̀gá nínú chess, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹni tí a tún fẹ́ pàdé nínú ìdíje l'Ákùúrẹ́ ti mọ ibi tó ń dùn mí bí mo bá gba dúdú: 1.e4 c6 2.d4 d5 3.e5 Bf5 4.h4 (lẹ́tà kékeré àti nọ́mbà ni orúkọ ojú pátákó; B ni bíṣọ́ọ̀bù, Q ni kuíìnì, x ni pípa; "..." ni pé dúdú ló kàn). N kò lè fi e6 dáhùn, torí g4 ló kàn, bíṣọ́ọ̀bù mi á há pátápátá. Mo ti gbìyànjú h6. Lẹ́yìn g4 Bh7, ó fi pọ́ọ̀nù tọrẹ ní e6, ara mi kò sì gbà á mọ́. 4...h5 ló wù mí: 5.Bd3 Bxd3 6.Qxd3 e6 7.Bg5. Ibẹ̀ ni mo há sí. Ṣé kí n gbé kuíìnì lọ sí b6, kó lè bọ́ sí a6 ká pààrọ̀ kuíìnì, àbí kí n kọ́kọ́ fi Be7 pààrọ̀ bíṣọ́ọ̀bù?