Ìtàn ìwọ̀fà tí mo ń fi Twine kọ: ṣé ó burú bí òǹkàwé kò bá lè yí òpin rẹ̀ padà?

Akọ̀tàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìtàn tí mo ń fi Twine kọ, ìyẹn ohun èlò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ìtàn tí òǹkàwé ń yan ọ̀nà inú rẹ̀, dá lórí Àbẹ̀kẹ́, ọmọdébìnrin kan ní Ìbàdàn àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ṣe ìwọ̀fà nítorí owó tí ó yá. Òǹkàwé ni yóò máa tẹ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ yóò ṣe, ṣùgbọ́n mo ti mọ òpin rẹ̀: ìyá rẹ̀ yóò kú kí ó tó padà sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí wọ́n kà á bínú, wọ́n ní mo ti pinnu tán, kí ni mo tún ń bi àwọn sí? Bí mo bá sì ya ọ̀nà sí méjì lẹ́ẹ̀mẹwàá péré láìjẹ́ kí wọ́n tún pàdé, òpin 1,024 ni n óò kọ. Ṣé kí n kúkú sọ ọ́ di ìwé ìtàn lásán ni?

Ìyá Alálọ̀ọ́: Ẹ má sọ ọ́ di ìwé. Photopia, eré kọ̀ǹpútà tí a ń kà bí ìtàn, tí Adam Cadre gbé jáde ní 1998, tí ó sì gba ipò kìíní ní ọdún náà nínú IFComp, ìdíje ọdọọdún fún irú eré bẹ́ẹ̀, kò fún òṣèré láyè láti yẹ ikú tí ó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nítorí pé ọwọ́ òṣèré ni ìtàn náà ń gbà kọjá, ó ń dunni ju ohun tí a kàn gbọ́ létí lọ. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni àlọ́ àpagbè: kò sí ọmọ tí ègbè rẹ̀ lè yọ Ìjàpá nínú wàhálà, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ kò bá gbè é, apàlọ́ náà yóò dúró. Ẹ jẹ́ kí a rí ojú-ewé kan.

Akọ̀tàn: Ẹ ṣeun, mà. Ní ojú-ewé kẹta, mo kọ «Tẹ̀ lé bàbá lọ» àti «Sá wọ igbó». Ẹni tí ó bá sá, wọn á mú un padà ní ojú-ewé kẹrin.

Ògbójú: Ibẹ̀ gan-an ni ìbínú wọn ti wá. Ẹ na oúnjẹ sí wọn, ẹ sì fà á padà. Ìwọ̀fà kì í yan ibi tí yóò lọ, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò sì dín gbèsè náà kù, nítorí pé èlé lásán ni; nítorí náà, ẹ bi òǹkàwé léèrè ohun tí Àbẹ̀kẹ́ yóò gbé dání, yálà ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ ni tàbí ìrànwú. Kí Twine fi í sọ́kàn, títí ìyàwó olówó yóò fi rí i lára rẹ̀ ní ojú-ewé ogún, tí yóò béèrè ẹni tí ó ni ín. Ní ti sísá, Depression Quest, eré tí a fi Twine ṣe ní 2013, máa ń fa ìlà gba orí ohun tí òṣèré kò lè yàn, tí yóò máa rí i láìlè tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí igbó yẹn.

Ìyá Alálọ̀ọ́: Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe é o. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ìlà ni wọn yóò máa wò, wọn kò ní rí ọmọ náà mọ́.

Akọ̀tàn: Mo ti fa ìlà gba orí igbó. Ẹni tí ó bá gbé ìlẹ̀kẹ̀, ọrùn ọmọ olówó ni yóò ti rí i lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ dé. Ti ìrànwú ni n kò tíì rí kọ.