Apá ìgbẹ́rù tí a fọwọ́ ṣe fún ẹ̀yìn katakata kékeré: báwo ni kí n ṣe é?

Olóko Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní katakata kékeré kan tí ó wọn 750 kìló. 300 kìló nínú rẹ̀ ló wà lórí táyà iwájú, mítà 1.5 ló sì wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Mo fẹ́ fi irin ṣe apá gígùn kan tí n ó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi apá ìsàlẹ̀ méjì àti apá òkè kan tí a máa ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́, kí n lè máa fi gbé òpó igi, dúrọ́ọ̀mù tó kún, àti nígbà mìíràn, ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí mo ní lọ́kàn tó 180 kìló, òun ló sì wúwo jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbé. Ìwé katakata náà sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé 400 kìló, nítorí náà mo rò pé àyè ṣì pọ̀. Páìpù omi onínṣì méjì kan wà nílẹ̀ tí ó gùn tó mítà 2.4. Ṣé ó tó fún iṣẹ́ yìí, ibo ló sì yẹ kí n ti fún un lókun?

Mẹ́káníìkì Oko:

Ẹ kú ìmúra. Kí ẹ tó gé irin kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo táyà iwájú, nítorí òun ni yóò sọ iye tí ẹ lè gbé, kì í ṣe agbára háídírọ́líìkì (òróró tó ń gbé apá ẹ̀yìn sókè), kì í sì í ṣe irin. Iye 400 kìló tí ẹ kà nínú ìwé yẹn, ẹ padà lọ wo ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n: orí apá ìsàlẹ̀ gan-an ni, tàbí 610 mìlímítà sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ìwé kan tó ṣèlérí iye yẹn fún yín ní ìparí irin tó gùn ju mítà méjì lọ.

Gbogbo ẹrù tó bá wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn ló ń wá ọ̀nà láti gbé iwájú kúrò nílẹ̀, bó bá sì ṣe jìnnà tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Lórí irú katakata báyìí, orí apá ìsàlẹ̀ lè wà ní nǹkan bíi mítà 0.7 sẹ́yìn àárín táyà ẹ̀yìn. Ẹ wọn tiyín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi iye yẹn ṣírò. Bí ìkọ́ bá wà ní mítà 2.4 sí i, mítà 3.1 ni ẹrù yóò fi jìnnà sí àárín táyà ẹ̀yìn. Iwájú yín jẹ́ 300 kìló lọ́nà mítà 1.5, ìyẹn 450. Ẹ pín 450 sí ọ̀nà 3.1, ẹ ó rí 145. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹrù bá ti tó 145 kìló, iwájú katakata ti gbéra nìyẹn, ẹ́ńjìnnì yín kò sì tíì kúrò nílẹ̀.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìwé katakata fi lélẹ̀ ni pé ó kéré tán, ìdá márùn-ún kan ìwúwo katakata gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lórí táyà iwájú, kí ó lè máa gbọ́ràn sí ọwọ́ awakọ̀ lẹ́nu. Fún tiyín, 150 kìló nìyẹn. 150 tó kù nìkan lẹ lè fi gbé ẹrù: ẹ sọ ọ́ lọ́nà 1.5, ìyẹn 225, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 3.1, kìló 72 péré ló kù. Bí ẹ bá mú ìkọ́ wá sí mítà 1.2, yóò di 118. Gígùn irin yẹn gan-an ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ yín.

Wẹ́dà Àgbà:

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá Mẹ́káníìkì sọ ni ìpìlẹ̀. Èmi ó fi ti irin kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi páìpù omi ṣe é. Wọ́n ṣe é kí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá ni, wọn kò ṣe é fún ẹrù tó ń fì. Páìpù onínṣì méjì tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3.6, bí ẹ bá fi 200 kìló kọ́ ọ ní mítà kan sí ibi tí ẹ ti dè é, ipá tí yóò máa fa òkè rẹ̀ ya á tó nǹkan bíi 228 newton (ìwọ̀n ipá) lórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóòró. Irin tí a sábà ń lò sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láìpadà ní nǹkan bíi 235. Ẹrù tó dúró jẹ́ẹ́ ni mo ń sọ o. Bí táyà bá jìn sínú kòtò, ẹrù yẹn lè fa irin bí ẹni pé ó ti di ìlọ́po méjì. Ẹ wá irin onígun mẹ́rin tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ìhà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80 mìlímítà, tí ara rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 5. Lórí ẹrù kan náà, nǹkan bíi 60 ni ipá náà yóò jẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìdajì ohun tí irin lè gbà ni. Ẹ tún rántí pé bí wọ́n bá fi síńkì bo páìpù omi yẹn, èéfín rẹ̀ nígbà tí a bá ń jó o máa ń fa ibà àti òtútù.

Ibi tí irin yóò ti kọ́kọ́ ṣẹ́ ni ibi tí ìtìlẹ́yìn tó ti orí òpó (irin tó dúró lóòró láàárín apá òkè àti àwọn apá ìsàlẹ̀) wá bá pàdé apá gígùn náà. Ẹ má ṣe jó irin níbùú lójú òkè rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jó o ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní gígùn. Ẹ fi gíráńdà fá ojú irin títí yóò fi dán kí ẹ tó jó o.

Apá òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Fífà ni ẹrù ń fa òun, títì ló sì ń ti àwọn apá ìsàlẹ̀. Bí òpó bá ga tó 460 mìlímítà, tí 180 kìló sì wà ní mítà kan, nǹkan bíi 390 kìló ni yóò máa fa píìnì òkè kan ṣoṣo yẹn. Fún katakata tó ń lo ìwọ̀n Category 1 (ìwọ̀n ohun ìsopọ̀ ẹ̀yìn fún katakata kékeré), píìnì òkè jẹ́ mìlímítà 19, ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 22. Ẹ ra ojúlówó. Ìkọ́ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n rọ, tí iye tó lè gbé wà lára rẹ̀, tó sì ní ahọ́n tí ń ti ẹnu rẹ̀ pa, ni kí ẹ lò. Ọ̀pá irin ìkọ́lé tí a tẹ̀ kì í ṣe ìkọ́.

Olóko Tuntun:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti gbé páìpù omi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mo bá wá so 80 kìló irin mọ́ iwájú katakata ńkọ́, ní ìdajì mítà síwájú táyà iwájú? Ṣé mo lè gbé ẹ́ńjìnnì náà?

Mẹ́káníìkì Oko:

Ẹ lè gbé e, bí ìkọ́ bá sún mọ́ katakata. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé bóyá iwájú gba irú ìwúwo bẹ́ẹ̀. Irin 80 yẹn wà ní mítà méjì sí táyà ẹ̀yìn, ó fún yín ní 160. Ẹ fi kún 225 tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ó di 385. Ṣùgbọ́n apá tí ẹ fẹ́ ṣe náà wúwo: bí ó bá jẹ́ 40 kìló, tí àárín ìwúwo rẹ̀ sì wà ní mítà 1.2 sí àárín táyà ẹ̀yìn, ẹ yọ 48 kúrò. 337 ló kù. Bí ìkọ́ bá wà ní mítà 2.4 sí orí apá ìsàlẹ̀, kìló 108 lẹ lè gbé. Ní 1.2, ó jẹ́ 177, kò sì tó fún ẹ́ńjìnnì yín. Ní mítà kan, 198 ni. Ẹ fi ọ̀dà kọ iye kọ̀ọ̀kan sí ara irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ rẹ̀, nítorí ẹlòmíràn lè wá lò ó lọ́jọ́ tí ẹ kò sí nílé.

Awakọ̀ Àtijọ́:

Ẹ fi dúrọ́ọ̀mù dán an wò kí ẹ tó fi ẹ́ńjìnnì dán an wò. Ẹ wọn dúrọ́ọ̀mù òfìfo, ẹ kọ́ ọ, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ wá máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Lítà kan jẹ́ kìló kan. Kí ẹnì kan máa wo táyà iwájú, kí òun àti ẹni tó ń bu omi má sì dúró sábẹ́ irin.

Bí ẹ bá ń gbé ẹrù rìn, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ilẹ̀, ẹ fi okùn dè é kó má fì, ẹ fa ṣéènì ẹ̀gbẹ́ àwọn apá ìsàlẹ̀ le, ẹ má sì gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá. Òróró ló ń mú ẹrù dúró sókè, ó sì lè máa jò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, nítorí náà ẹ gbé ìtìlẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀bẹ̀ mi tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ má fi apá yìí fa kùkùté igi láé. Nígbà tí ibi tí a ti ń fa nǹkan bá ga ju àárín táyà ẹ̀yìn lọ, katakata lè yí padà sórí awakọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan kíláàṣì (clutch). Ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ṣe fún fífà, ni kí ẹ ti máa fa nǹkan.

Olóko Tuntun:

Mo dúpẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: mo fẹ́ kí irin kan máa wọ inú èkejì, kí n lè fà á gùn fún òpó igi tí kò wúwo, kí n sì tì í wọlé fún ẹ́ńjìnnì. Ibo ni kí n lu ihò píìnì sí?

Wẹ́dà Àgbà:

Ẹ lù ú sí ẹ̀gbẹ́, ní ìdajì gíga irin, kí píìnì gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó jáde ní èkejì. Níbẹ̀, ẹrù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í. Ẹ má lu ihò kankan sójú òkè. Kí irin inú wà nínú ti òde tó 400 mìlímítà nígbà tó bá gùn dé òpin, kí ẹ sì jó ìdíwọ́ kan sí i tí kò ní jẹ́ kó yọ jáde bí ẹnì kan bá gbàgbé píìnì.