Fákítọ̀ 8 kò ran ọmọ mi mọ́: ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mùṣín ni mò ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 4, ní hemophilia A, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, tirẹ̀ sì le gan-an. Tẹ́lẹ̀, tí orúnkún rẹ̀ bá wú, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ fákítọ̀ 8, èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò ní pẹ́ tí yóò tún máa sáré kiri. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Orúnkún le bí òkúta. Èmi àti ọmọ, a ò fojú ba oorun.

Dókítà ní àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ló ń bá oògùn náà jà. Ara rẹ̀ kò mọ fákítọ̀ 8 rí, ó wá kà á sí ọ̀tá. Inhibitor ni wọ́n ń pè é. Ó ní ó ń ṣe nǹkan bí ọmọ 3 nínú 10 tí tiwọn le báyìí, pàápàá láàárín ọjọ́ 50 àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gba oògùn. (Ìyá ọkọ mi ní wọ́n ń ṣe é ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe àyẹ̀wò Bethesda, èyí tí wọ́n fi ń wọn inhibitor nínú ẹ̀jẹ̀, l'Ékòó? Èsì rẹ̀ pẹ́ kó tó jáde? Wọ́n tún ní a lè máa fún un ní fákítọ̀ lemọ́lemọ́ títí ara rẹ̀ á fi gbà á, àmọ́ ó lè gba oṣù púpọ̀, owó dà? Emicizumab ńkọ́, oògùn mìíràn tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ, tí inhibitor kò lè bà jẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i gbà níbí?