"Àhámọ́ ìlera" kọ́ o, ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ká máa pe ibi tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn sí ní "àhámọ́ ìlera", pé ó kúrú, ó dùn ún pè, ó dẹ̀ gba àti ẹni tó ti ń ṣàìsàn àti ẹni tí wọ́n ṣì ń fura sí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Àhámọ́ ti ní onílé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá jà, tàbí tó rí wọ́dà fín, ibẹ̀ ni wọ́n ń jù ú sí. Mo ti bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ògbufọ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n kan rí nígbà tí ikọ́ ife ń jà níbẹ̀, bàbá kan wà tó jẹ́ pé tí ikọ́ bá ti fẹ́ gbé e, á ki ẹnu bọ abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, á dì í mú títí ojú ẹ̀ á fi pọ́n. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní "wọ́n ní àwọn á fi mí sí àhámọ́, kí ni mo ṣe?" Ó dùn mí gan-an. Atẹ́gùn dẹ̀ ni ikọ́ ife ń bá rìn, gbogbo sẹ́ẹ̀lì yẹn ló ń mí in.

Àwọn òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015, tí wọ́n fi sọ orí Nelson Mandela, ò pa ìyàsọ́tọ̀ aláìsàn pọ̀ mọ́ ìdánìkanwà tó jẹ́ ìjìyà. Òfin 30 ní kí wọ́n ya ẹni tí wọ́n bá fura pé ó lárùn tó ń ràn sọ́tọ̀ kí wọ́n dẹ̀ tọ́jú ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó ṣì lè kó o ran ẹlòmíì. Òfin 44 wá ní tí èèyàn bá dá wà fún wákàtí 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ gidi, ìdánìkanwà nìyẹn, tó bá ti ju ọjọ́ 15 léra lọ, òfin 43 ti kà á léèwọ̀.

Torí náà, "ìyàsọ́tọ̀" fún aláìsàn. Ẹni tí ara ẹ̀ ṣì le àmọ́ tí wọ́n ń fura pé ó lè ti kó o, "ìdúrówò", torí ṣe la kàn ń dúró wò ó. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ o, ẹni tí kò ní nǹkan kan lára, tẹ́ ẹ bá tì í mọ́ àárín àwọn tó ń ṣàìsàn, ibẹ̀ ló ti máa kó o. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin, ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìparí oṣù karùn-ún 2020, wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 100 wọlé láti ọgbà ẹ̀wọ̀n míì tí Kòrónà ti ń jà, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn tó kó o lé ní 2,000, ẹlẹ́wọ̀n 28 àti òṣìṣẹ́ kan kú.

"Ìsàba" tí àbúrò wa mú wá fún àsìkò tí àrùn wà lára tí kò tíì hàn, mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Adìẹ ń sàba, ẹyin ò mira, nǹkan dẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Òun náà ló ń sọ iye ọjọ́ tí ìdúrówò máa jẹ́: ìsàba onígbáméjì kì í sábà ju ọjọ́ 5 lọ, ti Kòrónà lè tó 14. Ti ikọ́ ife lè gba ọdún, ìdúrówò ò wúlò fún un, àyẹ̀wò ló kù.

"Kéèsì", tí wọ́n ń pe aláìsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ńkọ́? Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀wọ̀n pé "kéèsì tuntun 5", kóòtù ni wọ́n máa rò. "Ìwádìí" náà, ti ọlọ́pàá ni létí wọn. Nọ́ọ̀sì fẹ́ mọ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn ní sẹ́ẹ̀lì kan, ẹni tẹ́ ẹ jọ mu ife kan, tó bá pè é ní ìwádìí, o ò ní dárúkọ ọ̀rẹ́ ẹ láé. "Ìtọpasẹ̀ àrùn" ni mo fara mọ́, àrùn là ń lé, a ò lé èèyàn.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni ẹni tó ti fara kan aláìsàn. "Alábàágbé" ò kó wọ́dà mọ́ ọn, òun dẹ̀ ló ń jáde lálaalẹ́ tó tún ń wọlé láàárọ̀. Mo ro "alábàámí", ẹni tẹ́ ẹ jọ mí atẹ́gùn kan náà, ó dáa fún ikọ́, àmọ́ omi ni onígbáméjì ń bá wọlé. Ta ló ní òmíì?