Sítẹ́ǹtì ti lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun màmá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọÌyá: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oṣù karùn-ún rèé tí wọ́n ti fi sítẹ́ǹtì onírin, ìyẹn túùbù tí wọ́n fi àwọ̀n irin ṣe, sí ọ̀nà ọ̀fun màmá mi, torí ojú rírán iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ń jò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n fẹ́ yọ ọ́, kò mì rárá. Ẹran ara ti hù wọnú ihò rẹ̀. Dókítà ní òun máa ki òmíràn bọnú rẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ò tíì jáde, a tún ń fi kún un? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Nọ́ọ̀sìÀdùnní: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọ̀nà tó dáa ni dókítà yẹn fẹ́ gbà. Ó jọ pé ti màmá jẹ́ irú tí wọ́n fi rọ́bà bo àárín rẹ̀ nìkan, tí etí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ àwọ̀n lásán. Etí yẹn ni ẹran máa ń hù gbà. Tuntun yìí, rọ́bà bò ó látòkè délẹ̀, ó sì gùn dé ibi tí ẹran ti hù. Á fún ẹran náà mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní dé ibẹ̀ mọ́, á sì kú. Bí ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ méjèèjì.

BàbáTáyé: Ohun tí wọ́n ṣe fún ìyàwó mi nìyẹn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ le, àyà ń dùn ún, kò lè sùn. Ẹ béèrè oògùn ìrora kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, tuntun ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n wá fi ẹ̀mú mú okùn tó wà létí ti àtijọ́, wọ́n fà á díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi hàn mí: àwọn ẹran dúdú wẹ́wẹ́ ṣì há sínú ihò rẹ̀.

Kọ́lá_A: Wọ́n fi iná jó ẹran náà fún bàbá wa. Díẹ̀ ló hù, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Nọ́ọ̀sìÀdùnní: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀, mo fara mọ́ oní-méjì yẹn. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fà á, ọ̀nà ọ̀fun lè ya. Ẹ béèrè ẹ̀ẹ̀melòó ni dókítà ti ṣe é rí, àti bóyá oníṣẹ́ abẹ máa wà nítòsí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, tí ara rẹ̀ bá gbóná, tó bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ọrùn rẹ̀ wú, ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀.

ỌmọÌyá: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kọ àwọn ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Ọjọ́rú la máa padà lọ.

Nọ́ọ̀sìÀdùnní: Ẹ gba ọjọ́ tí wọ́n máa yọ méjèèjì lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tó bá tún pẹ́, ẹran tún lè hù.