Jẹ́sì tí màámi pa láró: ìtàn tíìmù básíkẹ́tì wa

Ọdún 1998 ni mo wọ tíìmù básíkẹ́tì àwọn obìnrin ní yunifásítì wa. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé. Mẹ́sàn-án péré ni wá, bọ́ọ̀lù kan la ní, ó ti dán débi pé ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀. Orí kọnkéré la ti ń gbá a. Ẹni tó bá ṣubú, orúnkún rẹ̀ á bó.

Nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, jẹ́sì funfun tí àwọn ọkùnrin ti lò gbó ni wọ́n kó fún wa. Mo rù ú wá sí Òṣogbo, ó di ọ̀dọ̀ màámi l'Òkè-Fíà. Aláró ni wọ́n. Wọ́n fi ìka tọ́ aró wò, wọ́n ri jẹ́sì kìíní bọ ìkòkò. Bí wọ́n ṣe fà á yọ, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó ń dúdú lọ lójú wa. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n tún un rì. Bàámi jókòó lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní irú eré burúkú wo ni èyí fún ọmọbìnrin.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1891 ni James Naismith, ẹni tó dá eré básíkẹ́tì sílẹ̀, kan apẹ̀rẹ̀ èso mọ́ òkè ní Springfield, l'Amẹ́ríkà. Kò ju ọdún kan lọ tí olùkọ́ kan, Senda Berenson, fi ń fi eré náà kọ́ àwọn ọmọbìnrin Smith College, ṣùgbọ́n ó pín pápá sí mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá ipò rẹ̀, kó má baà rẹ̀ wọ́n jù. Nígbà tí wọ́n gbá a lọ́dún 1893, wọn ò jẹ́ kí ọkùnrin wọlé wòran.

Ní tiwa, ọkùnrin ló kún ẹ̀gbẹ́ pápá. Kó tó di ìdajì eré, òógùn ti fọ aró sí wa lápá, lọ́rùn, títí dé itan. Ni wọ́n bá ń pariwo, “Aláró! Aláró!” Wọ́n nà wá lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń dùn mí. Àmọ́ a ò wọ funfun mọ́ láti ìgbà yẹn. Mo ti wá ìtàn yìí nínú ìwé ilé-ìwé wa títí, kò sí níbẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ka ìtàn yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò dárúkọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n “Aláró” yẹn ti tú u fó. Mo gbá fún wọn títí di 2019. Jẹ́sì wa dúdú bí aró, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pè wá, kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Lọ́dún 2024, nígbà tí D'Tigress, tíìmù básíkẹ́tì àwọn obìnrin Nàìjíríà, na Australia àti Canada ní Paris, tí wọ́n di tíìmù básíkẹ́tì Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ kọ̀tá-fáínà Òlíńpíìkì, ṣe ni mo di orúnkún mi mú tí mò ń sunkún. Àpá ṣì wà níbẹ̀. Òṣogbo ni mò ń gbé báyìí, mi ò jìnnà sí Ọláìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá kí màmá lọ́jọ́ Sátidé? Mo fẹ́ fojú rí ìkòkò yẹn.