Ìmọ̀ràn: PostgreSQL mélòó ni kí n gbé ka orí sáfà kan?

OníSáfà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sáfà kan ni mo ní, RAM rẹ̀ jẹ́ 32 GB, SSD (dísìkì tí dátà ń gbé) kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Oníbàárà mẹ́ta ló fẹ́ lò ó: ilé ìwé kan, ṣọ́ọ̀bù oògùn kan àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Ṣé kí n fún oníkálukú ní instance PostgreSQL tirẹ̀ ni (ìyẹn, kí ètò dátábéèsì náà máa ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ fún un), àbí kí n kó gbogbo wọn sínú ẹyọ kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àgbà_Linux: Àbúrò, ẹyọ kan ti tó. Instance kan ń gba dátábéèsì púpọ̀; fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ àti user tirẹ̀. RAM ni kí o rò. Ìdá kan nínú mẹ́rin RAM ni ìwé PostgreSQL ní kí a fi bẹ̀rẹ̀ shared_buffers (RAM tí instance yà sọ́tọ̀ fún dátà tó ń lò), ìyẹn 8 GB fún ọ. Bí o bá ṣe mẹ́ta, tí o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 8, 24 GB ti lọ nìyẹn. Bí o bá sì pín 8 yẹn sí mẹ́ta, ilé ìwé á jókòó ti ìpín tirẹ̀ lásìkò ọlidé, ẹlòmíì ò ní rí i lò.

Ìyá_Backup: Òótọ́ ni ti RAM, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Dátábéèsì mẹ́rin ni mo kó sínú instance kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ oníbàárà kan ṣèèṣì pa table ìsanwó rẹ́. WAL (àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tó wọ inú instance) wà lọ́wọ́ mi, mo lè dá a padà sí aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, àmọ́ instance lódindi ni WAL ń dá padà, kì í ṣa dátábéèsì kan. Àfi kí n wá ẹ̀rọ mìíràn, kí n dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà síbẹ̀, kí n tó fi pg_dump (irinṣẹ́ tó ń kó dátábéèsì kan jáde) yọ ẹyọ kan. Ilẹ̀ mọ́ bá mi nídìí ẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí owó èèyàn wà lọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn ní tiwọn. Kí àwọn méjì tó kù jọ máa gbé.

OníSáfà: Ẹ ṣé mà. Port (nọ́ńbà tí a fi ń kàn sí instance) ńkọ́?

Àgbà_Linux: Lórí Debian (irú Linux kan), pg_createcluster, àṣẹ tó ń dá instance tuntun sílẹ̀, á gbé èkejì sí 5433 bí èkíní bá wà lórí 5432. Ìyá_Backup ti yí mi lérò padà: méjì ni kí o ṣe. Fún alájẹṣẹ́kù ní shared_buffers 4 GB, ìyókù 3 GB. Max_connections (iye ìsopọ̀ tó lè wà lẹ́ẹ̀kan náà) ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 100, dín in kù.

Ìyá_Backup: SSD kan yẹn ló ń já mi láyà. Bó bá kú, méjèèjì kú. Ẹ máa kó backup àti WAL lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn.

OníSáfà: Mo ti gbọ́. Màá wá ibi tí backup máa wà ná, kí n tó gba alájẹṣẹ́kù wọlé.